Kọ́kọ́rọ́ wà nínú báàgì mátírọ̀n: bí òṣìṣẹ́ wọ́ọ̀dù ṣe lè fi àṣìṣe kọ́gbọ́n

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́, torí ibẹ̀ lèmi fúnra mi ti kọ́ ọ.

Òru ọjọ́ kan ni, a wà ní náìtì ní yàrá ìrọbí, ilé ìwòsàn ìjọba kan tí mi ò ní dárúkọ, àwa nọ́ọ̀sì méjì pẹ̀lú dókítà kékeré kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde iléèwé, tó ń ṣe house job. Ìyá kan bímọ, ọmọ ké, a ti ń kí i kú ewu ọmọ, la bá rí i pé ẹ̀jẹ̀ ò dá. Ẹnì kejì mi wò ó, ó ní kò tíì pọ̀ jù, èmi náà wò ó mo ní kò pọ̀ jù, àṣé aṣọ tó wà lábẹ́ ìyá yẹn ti ń fa ẹ̀jẹ̀ mu tipẹ́, ohun tó kù lókè lásán la ń wò. Ìgbà tójú ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í funfun la tó sáré lọ sídìí kọ́bọ́ọ̀dù oògùn, wọ́n ti tì í pa. Kọ́kọ́rọ́ dà? Ó wà nínú báàgì mátírọ̀n, mátírọ̀n sì ti lọ sílé láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹnì kejì mi fi irin ìdúró dírípù já ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù yẹn.

Ìyá yẹn yè é. Nígbà tílẹ̀ mọ́, kúẹ́rì dé, ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n kọ sínú ẹ̀: wọ́n ní nọ́ọ̀sì ba dúkìá ìjọba jẹ́. Kò sẹ́ni tó bèèrè ìdí tí kọ́kọ́rọ́ oògùn fi sùn sílé ẹni tí ò sí lẹ́nu iṣẹ́. Látọjọ́ náà, tẹ́ ẹ bá ṣí ìwé rìpọ́ọ̀tù wa, ojoojúmọ́ ni "òru tutù, kò sí wàhálà", kì í ṣe pé wàhálà ò sí o, a ti gbọ́n ni. Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti bẹ́ orí ẹnì kan, ẹ ò ní gbọ́ pé orí ń fọ́ ẹnikẹ́ni mọ́.

Nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n gbé mátírọ̀n tuntun wá, òun ló yí gbogbo ẹ̀ padà. Ohun tá a ṣe ni mo fẹ́ tò síbí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní fámásì, ní láàbù, ní tíátà, ó kàn yín náà, ẹ ṣáà fi ohun tó ń dà yín láàmú rọ́pò kọ́kọ́rọ́.

1. Ẹ kọ́kọ́ ya àṣìṣe sọ́tọ̀ọ̀tọ̀

Àwọn ọ̀gá kan máa ń kó gbogbo ẹ̀ sínú ìkòkò kan. Èyí tá a mọ ọ̀nà ẹ̀ dáadáa tá a fò ó wà, bíi kéèyàn má fọwọ́, tàbí kó má ka orúkọ ara ẹ̀jẹ̀ kó tó gbé e kọ́ fún aláìsàn. Èyí tí nǹkan bíi mẹ́rin pàdé lóru kan ṣoṣo wà, wọ́n mú iná lọ, dísù tán nínú jẹnẹrétọ̀, ẹni kẹta tó yẹ kó wà ní ṣíìfù ò wá, obìnrin méjì sì ń bí lẹ́ẹ̀kan náà, tẹ́ ẹ bá wá ẹyọ ẹnì kan tó jẹ̀bi nínú ìyẹn ẹ máa wá a títí. Ẹ̀kẹta lèyí tá a fojú sílẹ̀ dán wò ní kékeré tí ò ṣiṣẹ́. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ rárá, owó iléèwé tá a san ni.

Ẹni tó mutí wá síbi iṣẹ́, ẹni tó ń ta oògùn wọ́ọ̀dù, ẹni tí wọ́n pè tó ní òun ò ní wá torí pé ó ń bá wa bínú, ìyẹn ò sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìwà nìyẹn, ibi tó yẹ kó lọ ló yẹ kó lọ. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi "a ò ní dá ara wa lẹ́bi" bo olè mọ́lẹ̀.

Ìbéèrè kan wà tá a fi máa ń dá wọn mọ̀: tá a bá gbé nọ́ọ̀sì míì tó kàwé tó o, tó nírìírí tó o, síbi yẹn lóru yẹn, ṣé ó lè ṣe ohun kan náà? Tó bá lè ṣe é, ẹ fi ẹni yẹn sílẹ̀, ẹ lọ wo ibi iṣẹ́ yín.

2. Ọ̀gá ni kó kọ́kọ́ sọ tiẹ̀

Ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà ní Harvard ní Amẹ́ríkà, Amy Edmondson lorúkọ ẹ̀. Ó ń ka àṣìṣe oògùn nínú wọ́ọ̀dù lóríṣiríṣi, ó rò pé ibi táwọn òṣìṣẹ́ ti mọwọ́ ara wọn ni àṣìṣe á ti kéré jù, òdìkejì ló bá pàdé, ibi tó dáa yẹn gan-an ni wọ́n ti kọ àṣìṣe sílẹ̀ jù. Ó wá rí i pé kì í ṣe pé wọ́n ń ṣìṣe ju àwọn tó kù lọ, ẹnu wọn ló là, àwọn tó kù ń bo tiwọn mọ́lẹ̀. Ó tẹ iṣẹ́ yẹn jáde lọ́dún 1996. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá dé wọ́ọ̀dù tí ìwé àṣìṣe wọn mọ́ roro látoṣù Jánúárì, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́ fún wọn.

Mátírọ̀n tuntun wa, ìpàdé àkọ́kọ́ tó ṣe, bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí: "Ẹ̀yin ọmọ mi, nígbà tí mo wà bíi tiyín, mo gbé dírípù kọ́ fún ẹni tí kì í ṣe tiẹ̀, Ọlọ́run ló bá mi ṣe é tí ò pa á lára, mi ò sì sọ fún ẹnì kankan fún ọdún mẹ́wàá." Gbogbo wa dákẹ́ lọ gbári. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà làwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé tọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ tó sì máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹ̀ ni "o ṣeun tó o sọ ọ́". Tó bá jẹ́ "kí ló ṣe ìwọ gan-an?" ló kọ́kọ́ jáde ni, ilẹ̀kùn ti tì nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ tiwa yìí náà ò rọrùn o. Níbi tí wọ́n ti tọ́ wa pé ọmọdé kì í já àgbà níròó, báwo ni ọmọ tó ń ṣe house job ṣe máa sọ fún kọ́nsọ́táǹtì, ọ̀gá àwọn dókítà, pé sà, apá òsì kọ́, apá ọ̀tún ni? Bẹ́ẹ̀ òun lojú ẹ̀ wà níbẹ̀ o, ṣebí ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ ni, tàgbà náà ò wọ kèrègbè. Ohun tá a ṣe ni pé a jọ fẹnu kò lórí gbólóhùn kan: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dúró díẹ̀, nǹkan kan ń kọ mí lóminú." Ọ̀wọ̀ wà nínú ẹ̀, kò pe ẹnì kankan ní òmùgọ̀, ṣùgbọ́n tẹ́nikẹ́ni bá ti sọ ọ́, títí kan ẹni tó ń gbálẹ̀, gbogbo ọwọ́ dúró. Ẹ bá kọ́nsọ́táǹtì sọ ọ́ ṣáájú, kó gbà á lójú gbogbo èèyàn, tí ò bá gbà á, gbólóhùn lásán ni.

Àjọ Ìlera Àgbáyé WHO náà mọ ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí wọ́n gbé ìwé àyẹ̀wò iṣẹ́ abẹ jáde lọ́dún 2008, ohun 19 ló wà nínú ẹ̀, ọ̀kan nínú wọn ni pé kí gbogbo ẹni tó wà ní tíátà sọ orúkọ ara wọn àti iṣẹ́ wọn kí ọ̀bẹ tó kan ara. Ó dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé àbí? Wọ́n dán an wò nílé ìwòsàn mẹ́jọ ní ìlú mẹ́jọ, Ifakara ní Tanzania wà níbẹ̀, London wà níbẹ̀, nígbà tí èsì jáde lọ́dún 2009 ikú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ti já láti 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún sí 0.8. Ẹni tó ti la ẹnu ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láti sọ orúkọ, kì í pẹ́ kó tó la á lẹ́ẹ̀kejì.

3. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ní ìdúró

Ẹ má dúró de ìpàdé ìparí oṣù, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ nígbà yẹn, oníkálukú ti mọ irọ́ tó máa pa. Ní ṣíìfù yẹn náà, kẹ́ ẹ tó ṣe hándófà, ìyẹn kẹ́ ẹ tó fa iṣẹ́ lé àwọn tó ń wọlé lọ́wọ́, ẹ dúró yíká tábìlì, ìbéèrè mẹ́rin ni: kí la rò pé ó máa ṣẹlẹ̀, kí ló ṣẹlẹ̀, kí ló fa ìyàtọ̀, kí la máa ṣe yàtọ̀ lọ́la. Ọ̀dọ̀ àwọn sójà Amẹ́ríkà ló ti wá, àmọ́ kò sí ìbọn nínú ẹ̀. Ẹni tó kéré jù ni kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, torí tí dókítà bá ti sọ̀rọ̀ tán, kí lẹ tún fẹ́ káwọn tó kù sọ ju "bẹ́ẹ̀ ni sà"? Ẹ pe màmá tó ń gbálẹ̀ mọ́ ọn. Tiwa ló sọ fún wa pé lọ́jọ́sí kọ́kọ́rọ́ yẹn máa ń wà lára ògiri, ẹ̀yìn ìgbà tí oògùn sọnù ni wọ́n mú un kúrò. Nínú gbogbo àwa tá a kàwé, kò sẹ́ni tó mọ̀.

Ẹ ṣe é tí nǹkan bá lọ dáadáa náà, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ìpàdé yẹn á di ìpàdé òkú.

Ọ̀rọ̀ kan rèé tí mo mọ̀ pé á dun àwọn kan. "Àmúwá Ọlọ́run ni." Èmi náà gbà pé Ọlọ́run ló ni ẹ̀mí, inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n bí mi sí. Ṣùgbọ́n ní wọ́ọ̀dù, mo ti rí i bí wọ́n ṣe ń fi gbólóhùn yẹn pa fáìlì dé. Ẹ sọ ọ́ fún ẹbí, ẹ fi tù wọ́n nínú, tẹ́ ẹ bá ti padà sídìí tábìlì, ẹ bèèrè ìbéèrè mẹ́rin yẹn.

4. Ẹ ní ìwé Díẹ̀-ló-kù

Ìwé táwọn ọmọ iléèwé ń lò ni tiwa, a fi okùn so báírò mọ́ ọn. Ohun tó fẹ́ ṣẹlẹ̀ tí ò wá ṣẹlẹ̀ là ń kọ síbẹ̀: ọjọ́, aago, ohun tó fẹ́ ṣẹlẹ̀, ohun tó dá a dúró. Orúkọ òṣìṣẹ́ ò sí níbẹ̀. Ọ̀kan rèé: "Aago mẹ́ta òru. Ìyábọ̀ méjì ló wà ní wọ́ọ̀dù, bẹ́ẹ̀dì 4 àti 6. Díẹ̀ ló kù ká gbé ẹ̀jẹ̀ ẹni 6 kọ́ fún ẹni 4. Àbúrò ẹni 4 ló ní ṣebí ẹ̀jẹ̀ O lẹ̀gbọ́n òun ní." Lẹ́yìn náà la bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn tórúkọ wọn bá jọra jìnnà síra wọn, a sì ń bèèrè orúkọ bàbá mọ́ ọn. Kò ná wa ní kọ́bọ̀.

Ìwé yìí ò gba ipò fọ́ọ̀mù ilé ìwòsàn o, èyí tó bá ti ṣẹlẹ̀ sí aláìsàn, ẹ kọ fọ́ọ̀mù ẹ̀ bó ṣe yẹ.

5. Ẹ bèèrè "kí ló fà á" títí yóò fi sú yín

Toyota ló sọ ọ́ di olókìkí, pé kéèyàn bèèrè ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Ẹ wo ti kọ́kọ́rọ́. Kí ló fà á tí oògùn fi pẹ́? Kọ́bọ́ọ̀dù wà ní títì. Kí ló fà á tí kò sí kọ́kọ́rọ́? Mátírọ̀n ló máa ń wà lọ́wọ́ ẹ̀. Kí ló fà á? Oògùn ti sọnù rí. Kí ló fà á tí ẹ̀rù ìyẹn ṣì fi ń bà wá? Torí pé a kì í ka oògùn láti ṣíìfù dé ṣíìfù, kọ́kọ́rọ́ nìkan ni ọlọ́dẹ tá a ní. Kí ló fà á tá ò fi ń kà á? Ìwé hándófà ò láàyè tá a lè kọ ọ́ sí.

Ẹ rí i bó ṣe bẹ̀rẹ̀ látorí nọ́ọ̀sì tó ba dúkìá ìjọba jẹ́, tó wá parí sórí ìlà kan nínú ìwé. Tó bá jẹ́ "kí ẹ túbọ̀ máa ṣọ́ra" ni ìdáhùn tẹ́ ẹ ní nígbẹ̀yìn, ẹ ò tíì bèèrè tó, torí ta ni ò ṣọ́ra lóru yẹn?

6. Ẹ dán an wò, kó kéré débi pé tó bá bàjẹ́ kò ní pa ẹnì kankan lára

Ibí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọsẹ̀. Wọ́n á rí ìdáhùn kan, wọ́n á tẹ ìwé àṣẹ, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo ògiri ilé ìwòsàn lọ́jọ́ kan náà, oṣù méjì lẹ́yìn ẹ̀ kò sẹ́ni tó ń tẹ̀ lé e. Wọ́ọ̀dù kan, ṣíìfù kan, bẹ́ẹ̀dì kan tó bá ṣeé ṣe, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ rò pé ó máa ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, kí ojú lè tì yín tẹ́ ẹ bá gbà á sódì. Ẹ wọn nǹkan kan. Ẹ wò ó. Kẹ́ ẹ wá pinnu bóyá kẹ́ ẹ mú un, kẹ́ ẹ tún un ṣe, tàbí kẹ́ ẹ jù ú nù.

Àkọ́kọ́ tá a dán wò: a kan ìṣó mọ́ ẹ̀yìn tábìlì nọ́ọ̀sì, a fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ọ. A kọ ọ́ sílẹ̀ pé "tẹ́nikẹ́ni bá pariwo, oògùn á dé láàárín ìṣẹ́jú kan". A ṣe ìdánrawò láìsí aláìsàn, ẹnì kan dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì bí ẹni ń kú, ẹnì kan mú aago fóònù dání, ó ṣiṣẹ́. Lóru ọjọ́ kejì, dókítà kan fi kọ́kọ́rọ́ yẹn sápò láìmọ̀, ó gbé e lọ sílé. Ó tán.

Ẹ̀kejì, nọ́ọ̀sì kan mú ọmọrogùn wá látilé, ọmọrogùn àmàlà tó gùn dáadáa, a so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọn. Ta ló máa fi ọmọrogùn sápò? A rẹ́rìn-ín títí. Kò sẹ́ni tó gbé e lọ sílé mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tá a tún ṣe ìdánrawò, a rí i pé nínú ìkánjú, ọwọ́ tó ń gbọ̀n ò lè ki kọ́kọ́rọ́ bọ ihò nígbà tí igi gígùn ń fì lẹ́yìn ẹ̀. Aago fóònù ò purọ́.

Ẹ̀kẹta, a kúkú yọ kọ́kọ́rọ́ kúrò. A kó oògùn ẹ̀jẹ̀ dídà, abẹ́rẹ́, gílọ́ọ̀fù, dírípù àti okùn ẹ̀ sínú àpótí rọ́bà kan, a fi okùn rọ́bà tí wọ́n fi ń so wáyà dè é, èyí tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá ti fà á pọ̀ àfi kẹ́ ẹ gé e. Sísọ́ọ̀sì wà lára àpótí. Tí okùn bá ti gé, gbogbo ojú ló rí i, ẹni tó gé e á kọ ohun tó mú sínú ìlà tuntun tó wà nínú ìwé hándófà. Oxytocin, oògùn tó ń mú kí ilé ọmọ sún kì kí ẹ̀jẹ̀ lè dá, òun nìkan la fi sílẹ̀ nínú fìríìjì, torí láàárín ìwọ̀n òtútù 2 sí 8 ló yẹ kó wà, ooru wa yìí á bà á jẹ́, a wá lẹ ìwé pupa mọ́ ìdérí àpótí pé "OXYTOCIN WÀ NÍ FÌRÍÌJÌ". Èyí ló dúró.

Ẹ rántí pé kọ́kọ́rọ́ nìkan kọ́ ló ṣe wá lóru yẹn, ojú wa náà ṣì wá. Lórí ìyẹn, iṣẹ́ ńlá kan wà tí wọ́n ṣe nílé ìwòsàn 80 ní Nàìjíríà, Kenya, South Africa àti Tanzania, àwọn ìyá tó wà nínú ẹ̀ lé ní ọ̀kẹ́ mẹ́wàá, E-MOTIVE ni wọ́n ń pè é, èsì ẹ̀ jáde lọ́dún 2023. Ọ̀rá alápò tí wọ́n fa ìlà ìwọ̀n sí ni wọ́n tẹ́ sábẹ́ ìyá, ẹ̀jẹ̀ á ro sínú ẹ̀, ẹ á kà á bí ẹni ka mílíìkì nínú ìgò ọmọ. Tó bá ti kan mílílítà 500, ẹ ò ní máa ṣe é lọ́kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ máa wò ó bóyá yóò dá, gbogbo ẹ̀ lẹ máa ṣe papọ̀: ẹ fọwọ́ ra ilé ọmọ, ẹ fún un ní oxytocin àti tranexamic acid, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tó ti dì tún yọ́, ẹ gbé dírípù kọ́, ẹ wò ó bóyá ibì kan ya. Níbi tí wọ́n ti lo ọ̀rá yẹn, nínú ọgọ́rùn-ún ìyá tí ẹ̀jẹ̀ ń dà jù, 93 ni wọ́n mọ̀. Níbi tí wọ́n ti ń fojú díwọ̀n bíi tiwa, 51. Mo ka nọ́ńbà yẹn, mo rántí aṣọ tó wà lábẹ́ ìyá wa, mo jókòó.

Ẹ gbọ́ o, bá a ṣe ń ṣiṣẹ́ là ń sọ pé kẹ́ ẹ dán wò: ibi tí nǹkan wà, ẹni tó ń pe ta, ohun tá a kọ sílẹ̀. Oògùn tuntun tàbí ìwọ̀n oògùn tẹ́nì kankan ò fọwọ́ sí, ẹ ò gbọdọ̀ dán an wò lára aláìsàn láìgba àṣẹ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìwádìí. Èèyàn kì í ṣe eku.

7. Ẹ sọ òótọ́ fún ẹbí

Ibí ló ṣòro jù, mi ò ní purọ́. Lọ́dún 2004, nílé ìwòsàn Virginia Mason ní Seattle, oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò àrùn lójú awọ, tí ò ní àkọlé lára, ni wọ́n gún sínú aláìsàn kan dípò omi àwọ̀ tí wọ́n fi ń ya fọ́tò iṣan ẹ̀jẹ̀, ó sì kú. Ilé ìwòsàn náà fúnra ẹ̀ ló jáde sí gbangba pé àṣìṣe àwọn ni. Lọ́dọ̀ wa, ẹ̀rù kóòtù àti ẹ̀rù pé ẹbí á kó tọ́ọ̀gì wá kì í jẹ́ ká sọ ọ́. Èyí tí mátírọ̀n wa fi kọ́ wa ni pé kí ẹni tó dàgbà jù lọ sọ ọ́, ní ìjókòó, kó má lo gẹ̀ẹ́sì oníṣègùn: "Màmá, ẹ̀jẹ̀ ìyàwó yín dà púpọ̀, ó yẹ kí oògùn dé kíákíá, ó pẹ́, ọ̀dọ̀ wa ló ti pẹ́. Ẹ má bínú. Ohun tá a máa ṣe kó má tún ṣẹlẹ̀ rèé." Wọ́n á bínú o. Ṣùgbọ́n ojú mi ni ìyá ọkọ kan ti sọ pé òun ti mọ̀ láti òru, òun kàn ń wò wá bóyá a máa purọ́ ni.

8. Japa á kó ọgbọ́n yín lọ tẹ́ ẹ ò bá so ó mọ́lẹ̀

Nínú àwa tá a wà ní ṣíìfù lóru yẹn, èmi nìkan ló kù. Ọ̀kan wà ní Manchester, ọ̀kan wà ní Saudi, ọgbọ́n tá a fi ẹ̀jẹ̀ ìyá onítọ̀hún rà bá wọn wọ bàálù. Nítorí náà ẹni tuntun tó bá dé, kó tó fọwọ́ kan aláìsàn, a á ka ìwé Díẹ̀-ló-kù fún un, ojú ìwé márùn-ún ó kéré tán, a á sì ní kó gé okùn àpótí yẹn fúnra ẹ̀ nínú ìdánrawò, ká máa ka aago. Ẹ fi orúkọ ẹnì kan sídìí àtúnṣe kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọjọ́ tẹ́ ẹ máa padà wò ó. Iṣẹ́ tẹ́ ẹ bá ní "gbogbo wa la máa ṣe é", kò sẹ́ni tó máa ṣe é.

Ọmọrogùn yẹn ṣì wà lára ògiri yàrá ìrọbí, kò ní kọ́kọ́rọ́ lára mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nọ́ọ̀sì tuntun kan bèèrè pé ta ló ń ro àmàlà níbí, màmá tó ń gbálẹ̀ gbé ìgbálẹ̀ ẹ̀ ti ògiri, ó fa àga, ó ní, "Jókòó, n ó sọ fún ẹ."